Máńgòrò ti dé, màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣé wọn ò ní jẹ èso mọ́ ni?

Ọmọ Ṣábẹ:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé àmọ́ Ṣábẹ ni màmá mi wà. Dókítà sọ fún wọn pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, láti ìgbà yẹn oníkálukú ló ń sọ tiẹ̀ fún wọn, àwọn aládùúgbò ní wọn ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan máńgòrò àti ọ̀pẹ̀yìnbó mọ́ láyé, àmọ́ wọ́n ní ọsàn ò ní wàhálà torí pé ó kan, tàǹtí mi kan tún ní jù èso, ìyẹn omi tí wọ́n fún lára èso, ni kí wọ́n kúkú máa mu torí omi lásán ni. Ẹ sì mọ Ṣábẹ tí máńgòrò bá ti pọ́n, ilẹ̀ ló ń wà, ó ti sú ewúrẹ́ pàápàá. Màmá á máa wò ó báyìí? Oògùn oníhóró ni wọ́n ń lò, wọn ò gún abẹ́rẹ́. Nínú ìwé tí wọ́n fún wọn ní òpítà, wọ́n kọ ọ́ pé èso ò gbọ́dọ̀ ju glúsíìdì gráàmù 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, màmá wá ń rò pé kí máńgòrò fúnra ẹ̀ má wúwo ju gráàmù 15 lọ ni, ìyẹn ò kún ẹnu ọmọ ọwọ́, wọ́n ti bínú ju ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Ẹlẹ́ja:
Kí wọ́n fọ ewúro, kí wọ́n mu omi ẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n jẹ máńgòrò wọn títí ó fi yó wọn. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí ń dẹ́rù bà yín lásán ni.

Ọmọ Wàǹdó:
Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè bá yín lọ síbẹ̀ 😅

Ẹ̀gbọ́n, ínsúlíìnì lèmi ń gún láti kékeré, mi ò lè fi oúnjẹ sẹ́nu láì ṣírò glúsíìdì ẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Gráàmù 15 inú ìwé yẹn kì í ṣe ìwúwo máńgòrò o, glúsíìdì inú ẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ṣúgà àti ohun tó ń di ṣúgà nínú ara. Tẹ́ ẹ bá bó máńgòrò, tẹ́ ẹ yọ kóró ẹ̀ sọnù, tẹ́ ẹ wá wọn ara ẹ̀ tó ṣẹ́ kù tó jẹ́ gráàmù 100, glúsíìdì tó wà nínú ẹ̀ á tó bíi 15. Gráàmù 100 yẹn ni kí màmá jẹ, máńgòrò ìgbẹ́ kékeré kan lè má ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn ńlá ńlá yẹn, ara ẹyọ kan lè wúwo tó 300, ìyẹn ti di glúsíìdì 45, ó ti wọ ti abọ́ ìrẹsì. Ibi tó ti ń ṣe wá nìyẹn, gbogbo ẹ̀ la ń pè ní "máńgòrò kan".

Ọ̀pẹ̀yìnbó ò tiẹ̀ tó máńgòrò, gráàmù 100 ẹ̀ bíi 13 ni, ìbẹ́pẹ bíi 11. Ọ̀pẹ̀yìnbó pain de sucre tí èèpo ẹ̀ kì í pọ́n rárá bó ṣe wù kó dùn tó, òun náà kì í ṣe èèwọ̀, èmi kàn máa ń gé tèmi kéré sí i ni. Pásítẹ́kì kò ju bíi 8 lọ torí omi ló pọ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ ta ló ń jẹ gráàmù 100 pásítẹ́kì, bíbẹ̀ kan tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà ti lé lórí 300.

Ọsàn wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ fún àwọn aládùúgbò yẹn. Kíkan ò ní kí ṣúgà má sí níbẹ̀. Ọsàn kan tó mọ níwọ̀n, bíi 15 ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń fa ọsàn kan? Téèyàn bá jókòó ti ọlọ́sàn tó ń bó o fún un, kó tó parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ, márùn-ún ti lọ. Jù ló wá burú jù, gíláàsì ńlá kan nìkan lè tó 25, okùn-okùn inú èso tó yẹ kó dá ṣúgà yẹn dúró ẹ ti sẹ́ ẹ dànù, kíá ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ ra ìwọ̀n kékeré tí àwọn oníkéèkì máa ń lò. Tó bá yá ojú màmá á mọ̀ ọ́n, wọn ò ní nílò ẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Kétu:
Àbúrò ti sọ ọ́ dáadáa. Èmi fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Ẹ má fi èso lé oúnjẹ lórí, ẹ fi rọ́pò ni, ọjọ́ tí màmá bá fẹ́ jẹ máńgòrò lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí wọ́n bu ọkà tàbí àkàsà kù. Tí wọ́n bá ní àparéyì tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wọn ọ́n kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n tún wọn ọ́n lẹ́yìn wákàtí méjì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí ohun tí máńgòrò ń ṣe lára tiwọn, torí ara ò dọ́gba.

Ẹ wo orúkọ oògùn wọn. Tó bá jẹ́ metformin nìkan, kì í sábà fa ṣúgà wálẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ glibenclamide tàbí gliclazide, ó lè fà á wálẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá lò ó tí wọn ò jẹun. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 0,70 (gráàmù ṣúgà nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan), kí wọ́n jẹ ṣúgà oníhóró mẹ́ta tàbí kí wọ́n mu ìdajì gíláàsì jù, kí wọ́n tún wọn ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ibẹ̀ yẹn ni jù tàǹtí yín ti wúlò 😂 Tí dókítà bá ti sọ pé kíndìnrín wọn ò dáa, ọ̀rọ̀ yí padà o, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti omi àgbọn ní pòtásíọ̀mù, kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Bàbá Ẹlẹ́ja, ewúro ò burú lọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da oògùn nù nítorí ẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pe màmá, inú wọn dùn débi pé wọ́n ní kí n ka gráàmù 100 yẹn fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Dábínù ńkọ́? Wọ́n máa ń fi ṣínu nígbà ààwẹ̀. Àfọ́kà náà?

Ọmọ Wàǹdó:
Àfọ́kà, kí ọkàn wọn balẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀rá ló pọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n má kàn jẹ ẹ́ yó torí kó má sọ wọ́n di sísanra. Dábínù ni kí wọ́n ṣọ́ra fún, ó ti gbẹ, omi ti kúrò, nínú gráàmù 100 ẹ̀ bíi 75 ni glúsíìdì. Kékeré méjì ti tó, ńlá rọ̀bọ̀tọ̀ yẹn ẹyọ kan péré. Ààwẹ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ nítorí oògùn.

Bàbá Ẹlẹ́ja:
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n ńkọ́? Mo ń béèrè fún ẹnì kan ni o. Ó máa ń jẹ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ ṣáá, ó ń dìde tọ̀ lóru.

Nọ́ọ̀sì Kétu:
Gráàmù 100 ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíi 23 ni, Bàbá, ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá ti tó. Àmọ́ ẹnì kan yẹn, ẹ ní kó lọ sí òpítà lọ́la láàárọ̀ kó tó jẹ ohunkóhun, kí wọ́n wọn ṣúgà ẹ̀. Tó bá tó 1,26, wọ́n á tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn kó lè dá wọn lójú. Kó má mu omi ewúro kó tó lọ o.

Bàbá Ẹlẹ́ja:
Ó ti gbọ́.