Àdí ń dì nínú ìbọn lásìkò ọyẹ́: kí ló yẹ síńgù, kí ló yẹ ṣakabùlà?

ỌmọỌdẹ_ÒkèÒgùn
Àrìnpa o, ẹ̀yin àgbà. Ìbọn síńgù oníkátíríìjì (12 gauge) kan àti ṣakabùlà kan ló wà nílẹ̀, àdí kan náà la sì ń fi pa méjèèjì. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé, bí a bá fa síńgù láàárọ̀ kùtù, píìnì á kàn fẹnu ba ìdí kátíríìjì, kò ní dún. Tó bá di ọ̀sán, á dún. Ti ṣakabùlà, inú agba rẹ̀ (irin gígùn tí ọta ń gbà jáde) ń pọ́n bí iyangí láàárín ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ a pa á ní òróró o. Àwọn kan ní ká lo ọ́ìlì ẹnjìnnì tí mẹkáníìkì dà nù, àwọn mìíràn ní WD-40 (ọ́ìlì inú agolo tí a ń fọ́n) ló dáa jù. Èwo ni ká mú?

Alágbẹ̀dẹ_Ìbọn
Ògún á gbè wá. Àdí bẹ̀rẹ̀ sí í dì bí ojú ọjọ́ bá ti tutù tó nǹkan bí 24°C, àárọ̀ ọyẹ́ sì ń tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdí tó dì sínú ihò píìnì ló ń gba agbára òòlù kí píìnì tó gún ìdí kátíríìjì. Oòrùn á yọ́ ọ lọ́sàn-án, ìbọn á dún. Eruku ọyẹ́ tó pò mọ́ ọn tún sọ ọ́ di amọ̀.

Ẹ gbọ́ èyí ná: bí ẹ bá fà á tí kò dún, ẹ má ṣẹ́ ẹ (ẹ má tẹ̀ ẹ́ ṣí) lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò séèyàn, kẹ́ ẹ ka ení, èjì dé 60, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Kátíríìjì mìíràn máa ń pẹ́ kó tó dún.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ ṣẹ́ ìbọn, ẹ yọ kátíríìjì, ẹ wo inú agba látìdí dé ẹnu pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ yọ igi iwájú, ẹ yọ agba. Ẹ kán kẹrosíìnì bíi márùn-ún sínú ihò píìnì, ẹ kọ ojú ihò náà sílẹ̀, ẹ fi ṣóńṣó igi máa ti píìnì wọlé-wọ̀de títí omi dúdú kò fi ní jáde mọ́. Ẹ nu ún gbẹ. Ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ tó mọ́, tí kò ki, ẹyọ ẹ̀kán kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì nu èyí tó bá yọ síta. Ibi tí agba ti ń ṣẹ́ ló nílò gíríìsì, nítorí irin ń fi agbára ha irin níbẹ̀. Bíi hóró ìrẹsì kan ti tó.

Ẹ má fi òróró sílẹ̀ nínú ilé kátíríìjì. Bó bá ń yọ̀, kátíríìjì ò ní lè di ògiri rẹ̀ mú nígbà tó bá dún, gbogbo agbára á wá bọ́ sára ibi tí ìbọn ti ń ṣẹ́, ibẹ̀ á sì tètè mì. Òróró tún lè wọ ìdí kátíríìjì kó pa iná inú rẹ̀.

Bàbá_Ẹ̀tù
Àbúrò, ní ti ṣakabùlà, àdí kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ̀tù dúdú yìí, nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 rẹ̀ ni saltpetre (iyọ̀ tó ń mú iná jó), ìyókù jẹ́ èédú àti imí ọjọ́. Bó bá jó tán, iyọ̀ ló ń fi sára irin, iyọ̀ náà sì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Òróró kì í yọ́ iyọ̀. Bí o bá pa òróró lé e, o kàn bo iyọ̀ mọ́ irin ni, abẹ́ òróró ni yóò ti máa jẹ ẹ́. Omi ló ń yọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí o bá yìn ín ni kí o fọ̀ ọ́, má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Kọ́kọ́ mọ̀ pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀: lọ́jọ́ tó bá dá ọ lójú pé ó ṣófo, ti ọ̀pá tí a fi ń ki ẹ̀tù wọlé dé ìdí, kí o fi ọ̀bẹ sàmì sí i níbi tó bá ẹnu agba mu. Bí àmì náà bá yọ síta lọ́jọ́ mìíràn, nǹkan wà nínú rẹ̀.

Fi àpò ọ̀rá di igi àti òòlù rẹ̀. Da omi gbígbóná tó ní ọṣẹ díẹ̀ sí i lẹ́nu, jẹ́ kó máa gba ihò iná jáde, kí o máa fi àkísà orí ọ̀pá gún un. Fi omi gbígbóná lásán ṣan án títí tí omi fi mọ́. Irin tó gbóná fúnra rẹ̀ ń lé omi, àmọ́ má dúró wò ó, fi àkísà gbígbẹ nù ún kíá. Kó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí o fi òrí pa inú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òrí kì í ṣàn bọ́ sínú ihò iná bí àdí. Bó o bá fẹ́ rọ ẹ̀tù, kọ́kọ́ nu inú agba gbẹ, fi wáyà tín-ínrín la ihò iná.

ỌmọỌdẹ_ÒkèÒgùn
Ẹ ṣeun, bàbá. Ṣé ọ́ìlì máṣíìnì náà ò lè rọ́pò òrí nínú ṣakabùlà?

Bàbá_Ẹ̀tù
Bó o bá fẹ́ gbé e kọ́ fún gbogbo ìgbà òjò, ó lè rọ́pò rẹ̀, kódà ó sàn ju òrí lọ, torí òrí tó bá pẹ́ ń kan, kíkan rẹ̀ sì ń jẹ irin. Àmọ́ yọ gbogbo ọ́ìlì náà kúrò kí o tó rọ ẹ̀tù. Bí ẹ̀tù dúdú bá jó mọ́ ọ́ìlì, ó ń di ọ̀dà nínú agba, fífọ̀ rẹ̀ le gan-an.

Alágbẹ̀dẹ_Ìbọn
Ọ́ìlì ẹnjìnnì àdànù kò dára rárá. Èédú, ásíìdì àti ẹ̀hà irin ló kún inú rẹ̀, kò sì dáa fún awọ ara. Tuntun nínú agolo ò burú, bó bá jẹ́ èyí tí kò ki. WD-40, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé omi. Bí òjò bá pa ìbọn lóko, ẹ fọ́n ọn sí i, kẹ́ ẹ nù ún, kẹ́ ẹ wá fi ọ́ìlì gidi pa á. Òun nìkan ò ní dáàbò bo ìbọn pẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé síńgù sílẹ̀, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀ lórí àkísà. Bó bá dorí sókè, ọ́ìlì á máa sọ̀ kalẹ̀ sínú igi ìdí ìbọn. Igi tó bá mu ọ́ìlì á rọ̀, ibi tí síkúrúù ti dì í mú á sì máa là.