Odi àwọn Mùsùlùmí lórí òkè Sintra: kí ló ṣẹ́kù níbẹ̀?

Ìbéèrè
Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọjọ́ kan péré ni èmi àti ìyá mi yóò lò ní Sintra, ní Pọ́túgà, mo sì fẹ́ kí a wo Castelo dos Mouros, odi tí àwọn Mùsùlùmí tó ti Àríwá Áfíríkà wá mọ sórí òkè ní ohun tó lé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní ògiri lásán ni, pé ọba kan ló tún un mọ, kò sì sí ohun tó jẹ́ tiwọn níbẹ̀ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Orúnkún sì ń yọ ìyá mi lẹ́nu. Ǹjẹ́ wọn yóò lè gùn ún?

Ìdáhùn kìíní
Onítọ̀hún kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Nígbà tí Lisbon bọ́ sọ́wọ́ Afonso Henriques, ọba Kìrìsìtẹ́nì ti Pọ́túgà, ní ọdún 1147, ńṣe ni àwọn tó wà nínú odi yìí jọ̀wọ́ ara wọn. Nígbà tó yá, àwọn ará ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ máa gbé inú ìlú, igbó bò ó, ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1755 sì tún bà á jẹ́. Ọba Fernando Kejì, tó kọ́ ààfin Pena sórí òkè tó wà nítòsí, ló tún ògiri náà tò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì tò ó bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ́ kí àwókù rí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, àwọn kòtò tí àwọn Mùsùlùmí gbẹ́ sínú àpáta láti kó ọkà pamọ́ sí ni n ó kọ́kọ́ wá lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láìbojú wò wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ọ̀kan: ewé gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, àpáta náà sì ń dán ní etí ẹnu rẹ̀.

Ìdáhùn kejì
Ní ti orúnkún màmá, ẹ má ṣe fẹsẹ̀ rìn láti ìlú. Bọ́ọ̀sì 434 máa ń gbéra ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Láti ẹnu géètì, ọ̀nà inú igbó ṣì wà láti rìn, ṣùgbọ́n kò le. Àtẹ̀gùn òkúta tó lọ sí Ilé-ìṣọ́ Ọba ni kí wọ́n yẹra fún, nítorí kò dọ́gba, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ le, ibòmíràn kò sì ní ohun tí èèyàn lè dì mú. Kùrukùru tún máa ń ti òkun wá. Ní ọjọ́ tí mo lọ, n kò rí ààfin Pena rárá, àfi lójijì tí ó yọ bí ẹni pé ẹnì kan ká aṣọ kúrò lójú rẹ̀.

Ìdáhùn kẹta
Ẹ má gbàgbé ibojì tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì São Pedro de Canaferrim. Iṣẹ́ Fernando ló hú egungun òkú jáde níbẹ̀, wọn kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti Kìrìsìtẹ́nì yàtọ̀ sí ti Mùsùlùmí, ni wọ́n bá sin gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì fín àgbélébùú àti òṣùpá sára òkúta rẹ̀.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka èyí tó gbẹ̀yìn sí ìyá mi létí. Wọ́n ní ibojì yẹn gan-an ni àwọn fẹ́ rí, kí n máa gun ògiri lọ ní tèmi, àwọn yóò jókòó dè mí níbẹ̀.