Ọ̀rọ̀ wo ni dókítà sọ tẹ́ ẹ gbọ́ lódì?

Akọ́bí: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ẹni tó ní jẹjẹrẹ lọ rí dókítà rí, ẹ wá sọ tiyín. Èmi nìyí. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọyàn fún mọ́mì mi, dókítà ní àwọn kókó tí àwọn yọ lábẹ́ abíyá, gbogbo ẹ̀ ló negative. Mọ́mì kàn sorí kodò, wọn ò sọ nǹkan kan títí a fi délé, èmi rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Ọjọ́ kẹrin mo wọ yàrá wọn, wọ́n ti kó gbogbo aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń pín in, èyí tèmi, èyí ti àbúrò mi. Mo ní mọ́mì, kí lẹ̀ ń ṣe? Wọ́n ní ṣebí dókítà ti ní ó ti di negative. Negative tí dókítà ń wí, wọn ò rí jẹjẹrẹ kankan nínú àwọn kókó yẹn ni o! Ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta sunkún lé lórí.

ÌyáÌbejì: Háà. Aṣọ yẹn ló pa mí lẹ́kún.

Ojúlówó: Ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè?

Akọ́bí: @Ojúlówó mo rò pé ó yé wọn ni sà. Ó ṣì ń dùn mí.

Adé_kékeré: Tèmi yàtọ̀ sí tiyín. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dókítà wo ìwé scan dádì mi, ó ní àìsàn náà ti "progress". Dádì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní ẹ ṣé gan-an dókítà, Ọlọ́run á bù kún yín. Progress! Wọ́n rò pé ìlọsíwájú rere ni. Dókítà náà ò tún un sọ, ó ti pe ẹlòmíì wọlé. Títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, mi ò tíì lè sọ fún wọn pé àìsàn ló ń lọ síwájú.

Nọ́ọ̀sìÀgbà: Adé pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ẹ ò ní gbà á gbọ́ iye ìgbà tí mo ti rí irú èyí níbi tí wọ́n ti ń gba chemo. Positive náà ńkọ́? Tí wọ́n bá ní jẹjẹrẹ ọyàn ẹnìkan jẹ́ ER positive, ohun tó túmọ̀ sí ni pé hómóònù ló ń bọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí oògùn bíi tamoxifen fi lè ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kókó abíyá positive, jẹjẹrẹ ti débẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà o. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n bi dókítà ni: ṣé ìròyìn tó dáa ni àbí èyí tí ò dáa?

Bùọ̀dá_T: Èmi rí "grade 3" nínú ìwé ìyàwó mi, mo ti gbà pé stage 3 ni

Nọ́ọ̀sìÀgbà: @Bùọ̀dá_T rárá o. Stage ni ibi tó tàn dé. Grade ni bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti ara tó dá ṣáṣá tó, tí wọ́n bá fi maikirosikópù wò ó. Èèyàn lè ní grade 3 kó jẹ́ stage 1.

Ojúlówó: Adé, má sọ fún bàbá. Ìbẹ̀rù ló ń tètè pa èèyàn.

ÌyáÌbejì: Ojúlówó, mi ò fara mọ́ ọn. Ara bàbá ni. Àwa la gbé e pa mọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ti mọ̀ látinú ojú wa, ó wá ń dá nìkan ru ẹrù náà nítorí kò fẹ́ kí àwa náà mọ̀ pé òun ti mọ̀.

Ojúlówó: Kì í ṣe gbogbo èèyàn lọkàn ẹ̀ le bẹ́ẹ̀. Bàbá tèmi ò béèrè, a ò sì sọ.

Akọ́bí: Tí wọn ò bá béèrè, ìyẹn yàtọ̀. Àmọ́ bàbá Adé ń dúpẹ́ lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Bùọ̀dá_T: Adé ṣáà má lọ sórí Google. Mo rí "median survival oṣù 11" níbẹ̀, mi ò sùn mọ́jú

Tíṣà_Báyọ́: @Bùọ̀dá_T ó yẹ kẹ́nìkan ṣàlàyé median yẹn fún yín. Ìdajì àwọn tí wọ́n kà ló kú kí oṣù 11 tó pé, ìdajì yòókù kọjá ẹ̀, àwọn míì kọjá ẹ̀ jìnnàjìnnà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wà ní Amẹ́ríkà, Stephen Jay Gould, ọdún 1982 ni wọ́n sọ fún un pé ó ní mesothelioma, irú jẹjẹrẹ kan, nínú ikùn, ìwé tó kà sì ní median oṣù 8. Ọdún 2002 ló kú, jẹjẹrẹ mìíràn ló sì pa á. Ogún ọdún!

Olú_9: ẹnìkan ń tà vitamin B17 fún wa, ó ní àwọn dókítà ló ń fi pa mọ́

Nọ́ọ̀sìÀgbà: @Olú_9 ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rà á. Laetrile ni, kì í ṣe fítámì kankan, inú kóró èso apricot ni irú ẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó fi í pa mọ́, ìwádìí tí wọ́n ṣe fún èèyàn 178 jáde ní 1982, kò wo ẹnikẹ́ni sàn, àmì májèlé cyanide sì hàn lára àwọn kan.

Olú_9: a ti fún wọn lówó

ÌyáÌbejì: Owó ti lọ, ẹ̀mí ò lọ. Ẹ má lò ó. Tí ẹ bá sì ti lò nínú ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà.

Adé_kékeré: Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ la máa padà lọ, mo ti kọ ìbéèrè sínú fóònù: ibo ló tàn dé, kí ni oògùn tó kàn wà fún, kí ló lè ṣe fún wọn lára.

Nọ́ọ̀sìÀgbà: Ó dáa gan-an. Gba àṣẹ kí o ká ohùn dókítà sílẹ̀. Ti dádì fúnra wọn ńkọ́? Kí làwọn fẹ́ béèrè?

Adé_kékeré: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wọ́n ni. Wọ́n kọ́kọ́ wò mí títí. Wọ́n ní kí n béèrè bóyá àwọn ṣì máa lè máa gun àtẹ̀gùn ilé, àbí kí àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù àwọn wá sí yàrá ìsàlẹ̀.