Ètò ìṣúná kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ apínná: lẹ́yìn owó mítà, kí ló tún yẹ kó wà nínú rẹ̀?

OníṣiròIná

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ilé-iṣẹ́ apínná kékeré kan ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń yọ lára DisCo (ilé-iṣẹ́ apínná) ńlá nítorí pé ìpínlẹ̀ ti gba àkóso iná lọ́wọ́ NERC, àjọ àkóso iná ti ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ òfin iná ti 2023. Oníbàárà tó 80,000, fídà 11kV (wáyà ńlá tó ń gbé iná lọ sí àdúgbò) jẹ́ 46. Ìdajì oníbàárà ló ní mítà prepaid, àwọn yòókù ṣì ń gba bílì àfojúdíwọ̀n.

Ọ̀gá fẹ́ ètò ìṣúná ẹ̀ka kọ̀ǹpútà fún ọdún 5. Ohun tó wà nínú ìwé báyìí ni smart meter (mítà tó ń ránṣẹ́ fúnra rẹ̀) 40,000, server 4, sọ́fítíwíà tí a fi ń ta tókìn, sọ́fítíwíà bílì, àti láptọ́ọ̀pù òṣìṣẹ́. Mítà nìkan kó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Àwọn ọlọ́jà tó ń wá sọ́fíìsì ń sọ pé káàkiri ayé, owó ilé-iṣẹ́ iná ti ń kúrò lórí irin, ó ń lọ sórí sọ́fítíwíà àti cloud. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n fi kún un, kí ni kí n yọ?

ÀgbàMítà

Òótọ́ wà níbẹ̀, ìpolówó náà wà níbẹ̀. Owó ò kúrò lórí irin. Irin tí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan ló ń bímọ: ó ń bí owó oṣooṣù, ìwé yín ò sì tíì ka àwọn ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Mítà tó ń ka ara rẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú máa kọ àkọsílẹ̀ 48 lóòjọ́. Mítà 40,000 jẹ́ 1,920,000 lóòjọ́, ó lé ní 700 mílíọ̀nù lọ́dún. Sọ́fítíwíà bílì tó mọ nọ́ńbà kan lóṣù fún oníbàárà kan ò lè gbé e. Ohun tó ń gbé e ni MDMS: ó ń gba dátà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń dí àlàfo tó bá wà, lẹ́yìn náà ló tó fún bílì ní nọ́ńbà tó nílò. HES ló sì wà láàárín mítà àti MDMS, òun ló ń bá mítà sọ̀rọ̀. Méjèèjì ò sí nínú ìwé yín. Méjèèjì ló sì ń gba owó láìsẹnsì lọ́dọọdún, lórí iye mítà.

Ti ṣíìmù náà nìyí. Dátà tí mítà ń jẹ ò tó nǹkan, orí ṣíìmù ni owó wà. Bí mítà kọ̀ọ̀kan bá ní ṣíìmù tirẹ̀, ṣíìmù 40,000 fún oṣù 60 jẹ́ ìsanwó oṣù kan lọ́nà mílíọ̀nù 2.4. Ẹ bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ṣe àpò dátà kan tí gbogbo wọn jọ ń mu nínú rẹ̀, lórí APN àdáni (ọ̀nà dátà tó dé ọ̀dọ̀ yín nìkan), kí ṣíìmù tí wọ́n bá jí yọ má lè ṣí Facebook. Níbi tí ilé ti há mọ́ra, ẹ lo DCU (àpótí tó ń gba dátà mítà jọ) lẹ́bàá tiransifọ́mà: mítà ń bá DCU sọ̀rọ̀ lórí RF (ìgbì rédíò), ṣíìmù kan péré ló ń gbé gbogbo wọn jáde. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ń gba orí wáyà iná sọ̀rọ̀. Wáyà àdúgbò wa gùn, ìsopọ̀ ọwọ́ pọ̀ lórí rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ sì máa ń bo ọ̀rọ̀ mítà mọ́lẹ̀. Ẹ dán an wò lórí tiransifọ́mà tó burú jù, kì í ṣe èyí tí ọlọ́jà bá yàn.

Nǹkan mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí ẹ máa fi pe àwọn olùdíje:

Kí modem (ẹ̀yà tó ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹlifóònù sọ̀rọ̀) ṣeé yọ lára mítà. Mítà á wà lára ògiri fún ọdún 10 sí 15, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹlifóònù ò ní dúró dè é. Ní Ítálì, 2001 ni Enel bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mítà ìran àkọ́kọ́ kalẹ̀. Nígbà tó fi di 2017, ó ti ń fi ìran kejì rọ́pò wọn.

Kí mítà máa lo DLMS/COSEM (èdè àjọlò tí mítà oríṣiríṣi fi ń sọ̀rọ̀), kí ẹ sì gba fáìlì kọ́kọ́rọ́ ààbò mítà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó san owó ìkẹyìn. Láìsí fáìlì yẹn, HES ẹlòmíràn ò lè ka mítà yín, ẹni tó tà á fún yín ló máa dá iye tí ẹ ó máa san.

Kí modem má pe lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí iná bá dé. Iná fídà kan lọ láti àárọ̀, ó dé lálẹ́, mítà ẹgbẹ̀rún mélòó kan jí lójú ẹsẹ̀, gbogbo wọn ń kanlẹ̀kùn òpó tẹlifóònù kan ṣoṣo. Òpó ò dáhùn, wọ́n tún pè, wọ́n tún pè. Ẹ̀yin á rò pé mítà ti bàjẹ́. Kí kálukú wọn dúró fún ìṣẹ́jú tí kò dọ́gba, láti 0 sí 30, kó tó pe.

Wáyà11kV

Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ n kò ní ti ọ̀dọ̀ oníbàárà bẹ̀rẹ̀. Fídà 46 yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí mítà orí wọn máa ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 40,000, òun ló sì máa sọ ibi tí 40,000 yẹn yẹ kó lọ.

Látìgbà tí NERC ti gbé Band A (àwọn fídà tó yẹ kó rí iná pẹ́ jù lóòjọ́) sí 225 náírà lórí kWh ní Oṣù Kẹrin 2024, wákàtí iná ti di owó. Àṣẹ ìgbà náà ní bí fídà Band A bá kùnà wákàtí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì léraléra, kí DisCo kọ àlàyé sórí ìkànnì rẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e tó lù. Bó bá di ọjọ́ méje, fídà já wálẹ̀ kúrò ní Band A nìyẹn. Àjọ ìpínlẹ̀ lè ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀rí náà ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè. Ìwé ńlá tí òṣìṣẹ́ substation (ibùdó tiransifọ́mà ńlá) ń fi báírò kọ kì í ṣe ẹ̀rí mọ́.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ìlọ́po, iye tí a fi ń sọ ohun tí mítà fídà kà di iná gidi. VT (ẹ̀rọ tó ń dín fóltéèjì kù fún mítà) 11,000/110 jẹ́ 100. CT (èyí tó ń dín ampere kù) 400/5 jẹ́ 80. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ó di 8,000. Bí ẹni tó ń forúkọ fídà sínú MDMS bá kọ 200/5 síbi CT, ìlọ́po di 4,000, ìdajì iná fídà yẹn pòórá lójú ìwé. Ìròyìn àdánù á wá fi hàn pé tókìn tí ẹ tà lórí fídà pọ̀ ju iná tó gba orí rẹ̀ kọjá lọ. Bí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ ka nameplate CT. Ẹ gbé clamp meter sórí wáyà secondary (èyí tó ti CT lọ sí mítà), ẹ fi 80 lu ohun tí ẹ rí, ẹ wò ó bóyá ó bá ampere tí MDMS ń sọ mu. (Kí ẹnikẹ́ni má tú wáyà secondary CT nígbà tí iná ń kọjá lórí fídà o. Fóltéèjì tó máa yọ níbẹ̀ lè pànìyàn.)

Ohun míì tí ètò ìṣúná kì í kà ni ẹsẹ̀ ènìyàn. Ta ni ó wà lórí tiransifọ́mà wo? Láìmọ ìyẹn, MDMS ò lè bá yín wá olè. Ó gba kí òṣìṣẹ́ rìn láti òpó dé òpó, kí wọ́n tọ wáyà dé ara ilé, kí wọ́n ya GPS, kí wọ́n fi nọ́ńbà mítà mọ́ nọ́ńbà àkáùǹtì. Ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ tún un ṣe lọ́dọọdún, torí àwọn lineman ń gbé oníbàárà láti tiransifọ́mà kan sí òmíràn nígbà tí ọ̀kan bá jóná, wọn kì í sì í sọ fún ẹ̀ka kọ̀ǹpútà.

Ìyá_Tókìn

OníṣiròIná, ẹ ní ẹ ń yọ lára DisCo ńlá, ẹ ò sì sọ ti kọ́kọ́rọ́ tókìn. Ibẹ̀ ni wàhálà yín wà.

Mítà prepaid yín ń lo STS, ìlànà àgbáyé fún tókìn mítà. Nọ́ńbà 20 tí oníbàárà ń tẹ̀ ni a fi kọ́kọ́rọ́ tì, kọ́kọ́rọ́ yẹn sì so mọ́ SGC, nọ́ńbà oní-6 tó ń sọ ẹni tó ni mítà. Lọ́wọ́lọ́wọ́, SGC DisCo àtijọ́ ló wà nínú wọn. Bí ẹ bá ra sọ́fítíwíà ìtajà tuntun lónìí, tókìn rẹ̀ ò ní wọ mítà kankan. Ọ̀nà méjì ló wà: kí DisCo àtijọ́ gbà kí ẹ lo SGC òun, tàbí kí ẹ gba tiyín, kí ẹ sì fún mítà kọ̀ọ̀kan ní tókìn ìpààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Ẹ rántí 2024. Nínú tókìn kọ̀ọ̀kan ni àmì àkókò wà, ìṣẹ́jú ni ó ń kà láti 1 Oṣù Kínní 1993, àyè tó sì ní jẹ́ 16,777,216 péré. Ó kún ní 24 Oṣù Kọkànlá 2024. Gbogbo oníbàárà gba nọ́ńbà 20 méjì, wọ́n ní láti tẹ méjèèjì kí tókìn owó tuntun tó wọlé. Tókìn tí ẹnìkan ti rà tẹ́lẹ̀ tí kò tíì tẹ̀ di òkú lẹ́yìn ìpààrọ̀ náà. Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín bí ẹ bá pààrọ̀ SGC: ẹ ó ní owó àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè lórí tẹlifóònù, owó SMS, owó ọkọ̀ fún àwọn tó máa lọ bá arúgbó tẹ nọ́ńbà nílé. Mítà tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti kú á sì pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ ó mọ̀.

Kí SGC tuntun jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ yín, kì í ṣe ti ọlọ́jà sọ́fítíwíà. Bó bá jẹ́ tiwọn, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, gbogbo mítà ni ẹ ó tún lọ tẹ kọ́kọ́rọ́ sí. Kí mítà tuntun sì ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ àkókò 2014, ìyẹn kó máa ka ìṣẹ́jú láti ọdún náà dípò 1993. Ìyẹn á gbé yín dé Oṣù Kọkànlá 2045. Àti pé ẹ ra HSM méjì, ẹ̀rọ tó ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́ tó sì ń fi ti tókìn, kí ẹ fi èkejì sí ìlú míì. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, ọjọ́ tó bá bàjẹ́, ẹ ò ní rí náírà kan gbà.

OníṣiròIná

Ẹ ṣeun púpọ̀ o, mà. Mo ti fi fídà sókè. Server ńkọ́? Ọlọ́jà kan ní kí a gbé gbogbo rẹ̀ sórí cloud, òmíràn ní kí a ra tiwa.

ÀgbàMítà

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé owó wo ni wọ́n máa gbà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2023 ti lé ní 1,400 láàárín ọdún kan, owó iná sì jẹ́ náírà tí àjọ ń fọwọ́ sí. Bílì cloud oní-dọ́là lè ju ìlọ́po mẹ́ta lọ láìjẹ́ pé ẹ fi mítà kan kún un. Server tiyín náà kì í ṣe ọ̀fẹ́: dísẹ́ẹ̀lì, ínfátà, AC, àti dọ́là fún láìsẹnsì database.

Èrò mi ni pé kí ẹ gbé HES, MDMS àti ìtajà tókìn sí data centre aládàáni l'Ékòó tó ń gba náírà, kí ẹ fi ìkànnì oníbàárà àti ẹ̀dà bákọ́ọ̀pù sórí cloud. Server méjì nínú mẹ́rin yẹn, ẹ yọ ọ́.

Ẹ̀ṣọ́Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ dákun, kò sí ẹnikẹ́ni tó tíì dárúkọ ààbò.

Ní Oṣù Keje 2019, ransomware (sọ́fítíwíà tó ń ti fáìlì pa láti gba owó ìtúsílẹ̀) mú City Power, ilé-iṣẹ́ apínná ní Johannesburg, àwọn oníbàárà prepaid ò rí iná rà. Wáyà ò já, tiransifọ́mà ò jóná. Ní Ukraine, 23 Oṣù Kejìlá 2015, àwọn ọ̀daràn tó ti gba orí í-meèlì wọlé láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn pa iná mọ́ nǹkan bí 225,000 oníbàárà lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó, wọ́n ń wo bí atọ́ka máòsì ṣe ń rìn fúnra rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ni wọ́n fi lọ tan iná padà ní substation. Ẹ bi ara yín bóyá àwọn lineman yín ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí SCADA (kọ̀ǹpútà tí a fi ń darí substation láti òkèèrè) bá dé.

Ewu tó bá mítà yín mu jù ni bọ́tìnnì ìjánná. HES lè já iná 40,000 ilé láti orí àga. Ẹ fi òǹkà sí i: kó má lè já ju iye kan lọ ní wákàtí kan, bí àpẹẹrẹ 200, kí ó sì gba ọwọ́ ènìyàn méjì bó bá fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀. Inú HES gan-an ni kí òǹkà náà wà. Ìwé ìlànà nìkan ò lè dá ẹnikẹ́ni dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn: ẹ ya nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì kúrò lára ti HES àti SCADA, kí jump server (kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà) kan ṣoṣo wà láàárín wọn. Kí VPN ọlọ́jà (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé láti òkèèrè) wà ní títì, ẹ ṣí i fún wákàtí tí wọ́n bá béèrè, pẹ̀lú kóòdù orí fóònù. Kí ẹ̀dà bákọ́ọ̀pù kan má wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, kí ẹ sì gbìyànjú láti dá a padà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta. Bákọ́ọ̀pù tí a kò tíì dá padà rí, ìrètí lásán ni. Púpọ̀ nínú èyí ò gba láìsẹnsì, owó oṣù ènìyàn méjì tó mọ iṣẹ́ ni.

OníṣiròIná

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀. Ìyá_Tókìn, ẹ má bínú, ìbéèrè kan ṣoṣo: mítà 3,000 ṣì wà nínú sítọ́ọ̀ tí a kò tíì gbé kọ́. Ṣé àwọn náà nílò ìpààrọ̀ kọ́kọ́rọ́?

Ìyá_Tókìn

Ẹ wo SGC àti nọ́ńbà ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́, KRN, lára páálí tàbí nínú fáìlì tó bá wọn wá. Bí SGC bá jẹ́ ti àtijọ́, tàbí tí KRN bá ṣì jẹ́ 1, ìyẹn pé kò tíì gba ìpààrọ̀ 2024, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣe é nínú sítọ́ọ̀ kí wọ́n tó jáde: tábìlì kan, iná kan, akọ̀wé méjì, ọ̀kan ń pe nọ́ńbà, èkejì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi tókìn ìdánwò parí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lẹ sítíkà mọ́ èyí tó bá gbà á. Èyí tí kò bá gbà á, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á nígbà tí wáráńtì ṣì wà.