Ọ̀nì tọ̀ sí mi lára ní Darwin, ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín

Ẹ ṣáà má fi mí rẹ́rìn-ín. Perth ní Ọsirélíà ni mò ń gbé, àwọn ọmọ ló fà mí lọ sí Darwin, ìlú kan lápá àríwá Ọsirélíà, ní hólídé oṣù keje, wọ́n láwọn fẹ́ rí ọ̀nì. Ọ̀nì tí bàbá mi torí ẹ̀ nà mí ní kékeré pé mi ò gbọ́dọ̀ dé etí odò, òun ni mo wá ń sanwó lọ wò!

Saltie la kọ́kọ́ bá lọ́gbà ẹranko kan níbẹ̀, ìyẹn ọ̀nì omi iyọ̀, akọ ẹ̀ ń gùn ju mítà 5 lọ. Ó nà gbalaja bí ìtì igi, mi ò súnmọ́ ọn. Freshie ló kàn, àwọn tinú odò, Ọsirélíà nìkan ni wọ́n sì wà láyé, akọ wọn kì í sábà ju mítà 3 lọ, imú ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ó panu dé tán eyín ṣì tún yọ síta. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn ní ẹja àti kòkòrò ni wọ́n ń jẹ, pé wọn kì í wá èèyàn níjà àfi tẹ́ ẹ bá yọ wọ́n lẹ́nu.

Ló bá gbé kékeré kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ti fi rọ́bà di ẹnu ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ le kankan, àmọ́ abẹ́ ikùn ẹ̀ rọ̀, ó tutù, ọ̀fun ẹ̀ ń mí fìkìfìkì, mo ti ń ní káwọn ọmọ yà mí ní fọ́tò báyìí ni nǹkan tútù bá ń ṣàn wọnú bùbá mi.

Ohun tó dùn mí ni ti ọ̀pọ̀lọ́ cane toad, tí wọ́n kó wá láti Hawaii lọ́dún 1935 pé kó bá wọn jẹ kòkòrò oko ìrèké ní ìpínlẹ̀ Queensland. Olóró ni, freshie tó bá gbé e mì, ó di òkú. Ta ló rán wọn níṣẹ́?

—

Windjana Gorge, àfonífojì odò kan ní agbègbè Kimberley lápá ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, ni mo ti rí tèmi, kò sí ọgbà kankan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà, wọ́n to ara wọn sórí iyanrìn bí ẹja tí wọ́n ń sá, mo ka 40 mo bá dákẹ́. Lálẹ́ tá a tan tọ́ọ̀ṣì sómi, ojú wọn pọ́n bí ẹyin iná. Ọkọ mi ní òun ò sùn ní tẹ́ǹtì mọ́, inú mọ́tò ló sùn.

—

Ẹ̀gbọ́n, bùbá yẹn ńkọ́?

—

Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn ẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀.