Ìwé wo ló dára jù lórí cichlid kéékèèké inú táǹkì?

Adéọlá (Ìbàdàn)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mò ń wá ìwé gidi lórí àwọn cichlid kéékèèké, àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀pìyà tí wọn kì í dàgbà ju ìka ọwọ́ lọ. Mo ní kribensis méjì nínú táǹkì, akọ kan, abo kan, ó sì wù mí kí n ra Apistogramma, àwọn cichlid kéékèèké ti Amẹ́ríkà Gúúsù, tó bá yá. Íntánẹ́ẹ̀tì ti dà mí lórí rú. Ẹnì kan á ní omi wọn gbọ́dọ̀ kan, ìyẹn kó ní ásíìdì, ẹlòmíràn á ní omi yòówù tó bá wà nílé ti tó. Ìwé wo ni kí n rà? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀ o.

Bàbá Ẹlẹ́ja
Adéọlá, kribensis tó o ní yẹn, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Pelvicachromis pulcher ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, gúúsù Nàìjíríà níbí ni orírun rẹ̀. Torí náà, ilé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Wá African Cichlids I: Cichlids from West Africa, ti Horst Linke àti Wolfgang Staeck, tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1994. Àwọn tó kọ ọ́ dé etí odò fúnra wọn, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn méjèèjì náà ló kọ American Cichlids I: Dwarf Cichlids. Ìyẹn dọjọ́ tí Apistogramma bá wọlé. Àlòkù ni kó o wá o.

Ìyá Táyé (Peckham)
Òótọ́ ni Bàbá sọ, àmọ́ kí Adéọlá fojú sí ọ̀rọ̀ orúkọ. Ìwé 1994 ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 2014, onímọ̀ ẹja Anton Lamboj àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwọn ẹja kan láti Kamẹrúùnù kúrò lára Pelvicachromis taeniatus, mọ̀lẹ́bí pulcher, wọ́n sì dá orúkọ P. kribensis padà fún wọn. Ìyẹn ni pé kribensis tí ọlọ́jà ń tà fún wa kọ́ ni P. kribensis! Pulcher ni kó o máa wá nínú ìwé èyíkéyìí. Mikrogeophagus ramirezi náà, tí wọ́n ń pè ní ram, Papiliochromis ni wàá bá a sí nínú àwọn ìwé àtijọ́.

Lamboj fúnra rẹ̀ kọ The Cichlid Fishes of Western Africa ní 2004. Ìwé yẹn kún, àmọ́ ó wọ́n bí imí eégún.

Ṣẹ́gun2000
Ẹ̀yin àgbà, ta ló ṣì ń ra ìwé? Gbogbo ẹ̀ ló wà lórí YouTube, ọ̀fẹ́ ni.

Bàbá Ẹlẹ́ja
Ṣẹ́gun, fídíò á fi hàn ọ́ bí wọ́n ṣe ń to òkúta. Tí ẹja rẹ bá wá bímọ, tí gbogbo ọmọ jẹ́ akọ ńkọ́? Ní 1996, Uwe Römer àti Wolfgang Beisenherz fi hàn pé bí omi Apistogramma bá gbóná nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré, akọ ló máa ń pọ̀ jù. Ní ti kribensis, omi tó bá kan ló ń mú akọ pọ̀. Römer yìí ló kọ Cichlid Atlas, ìdìpọ̀ kìíní ní 2000, ìkejì ní 2006. Ìdìpọ̀ kìíní nìkan ju 1,000 ojú ewé lọ, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé lé àyà kà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà Gúúsù ló dá lé, kò tíì kan Adéọlá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹja
Ẹ má gbàgbé ti ilé. Olaosebikan àti Raji kọ Field Guide to Nigerian Freshwater Fishes ní New Bussa, 1998. Kò ní kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sin ẹja nínú táǹkì, àmọ́ wàá fi dá ẹja odò wa mọ̀. Béèrè rẹ̀ ní ilé ìkàwé fásitì tó bá ń kọ́ni nípa ẹja.

Ìyá Táyé (Peckham)
Adéọlá, kí ìwé tó dé, fọ́ ẹnu ìkòkò amọ̀ kékeré kan díẹ̀, dojú rẹ̀ délẹ̀ sí kọ̀rọ̀ táǹkì. Inú ihò ni wọ́n ń yé sí. Abo ló máa kọ́kọ́ ṣe yànga: ikùn rẹ̀ á pọ́n dẹ̀dẹ̀, á tẹ ara bí ọrun, á máa gbọ̀n níwájú akọ. Tó o bá rí i bẹ́ẹ̀, má kó ọwọ́ bọ táǹkì mọ́.

Adéọlá (Ìbàdàn)
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti rí àlòkù Linke àti Staeck ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló máa bá mi rà á, á sì mú un bọ̀ tó bá ń bọ̀ wálé.

Ìyá Táyé (Peckham)
Kó bi olùtajà léèrè èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ kó tó sanwó. Ti Jámánì náà wà lọ́jà.

Adéọlá (Ìbàdàn)
Jámánì kẹ̀! Mò ń pè é báyìí.