Màámi kò gbà kí á máa wẹ̀ fún àwọn: èwo ni kí á bá wọn ṣe, èwo ni kí á fi sílẹ̀ fún wọn?

Ọmọ Màámi (Ògbómọ̀ṣọ́) béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo bá wá. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, Ọjà Jagun ni wọ́n sì ti ń ta ẹ̀lùbọ́ kí àìsàn tó dá wọn jókòó. Jẹjẹrẹ ọmú ni, ó sì ti dé eegun ẹ̀yìn àti eegun ìbàdí wọn. Àwọn dókítà kò fi bò fún wa pé ìtọ́jú tí àwọn ń ṣe báyìí kò lè mú àìsàn náà kúrò, pé ìdẹ̀rùn ni àwọn ń wá fún wọn. Apá ọ̀tún wọn wú, wọn kò sì lè gbé e ga ju èjìká lọ mọ́.

Ìwẹ̀ ni ó dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa. Bí wọ́n bá wọ balùwẹ̀ ní aago méje àárọ̀, ó lè tó aago mẹ́jọ kí wọ́n tó jáde, wọn á sì fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á fi ọwọ́ òsì di etí ìró tí wọn kò tíì ró tán mú, wọn á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Síbẹ̀, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ fún àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí èmi àti ìyàwó òun gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn tipátipá, kí wọ́n máa sinmi lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé àwọn ará àdúgbò yóò sọ pé a kò tọ́jú wọn. Èmi kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò ní àlàyé tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ohun kejì ni pé nígbà tí a lọ sí ilé ìwòsàn gbẹ̀yìn, kí dókítà tó béèrè ibi tí ń dùn wọ́n ni ó ti béèrè bóyá wọ́n ń dá wẹ̀, bóyá wọ́n ń dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti iye wákàtí tí wọ́n fi ń dùbúlẹ̀ ní ojúmọmọ. Kí ni èyí kan jẹjẹrẹ?

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì (Ògbómọ̀ṣọ́) fèsì pé:

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbéèrè kejì bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n ni dókítà yẹn ń wọ̀n. Láti nǹkan bí ọdún 1949 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Karnofsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀, láti 0 dé 100, tí ó ń sọ bí aláìsàn jẹjẹrẹ ṣe lè dá ara rẹ̀ gbé tó. Òṣùwọ̀n mìíràn tí ó kúrú jù ú lọ, tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò lónìí, bẹ̀rẹ̀ láti 0, ìyẹn ẹni tí ń ṣe ohun gbogbo bí ó ti ń ṣe kí ó tó ṣàìsàn. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ ṣùgbọ́n tí ń dá tọ́jú ara rẹ̀, tí ó sì ń dìde rìn ju ìdajì ojúmọmọ lọ, wà ní 2. Ẹni tí bẹ́ẹ̀dì tàbí àga gba ju ìdajì ojúmọmọ rẹ̀ lọ wà ní 3. Ẹni tí kò lè ṣe ohunkóhun fún ara rẹ̀ wà ní 4. Èyí wà lára ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ara aláìsàn lè gba oògùn líle. Nítorí náà, bí wọ́n bá tún béèrè, ẹ sọ ọ́ bí ó ti rí. Mo ti rí ọmọ tí ó ní ìyá òun ń dá wẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó gbé ìyá náà wọlé sí wa lẹ́yìn.

Ní ti ìwẹ̀, ẹ má pè é ní iṣẹ́ kan. Ẹ̀ ń gbé omi, ẹ̀ ń bọ́ aṣọ, ẹ̀ ń dúró, ẹ̀ ń tẹ̀ fọ ẹsẹ̀, ẹ̀ ń na ọwọ́ sí ẹ̀yìn, ẹ̀ ń nu ara, ẹ sì tún ń ró ìró. Ẹ fara balẹ̀ wo ibi tí okun Màámi ti ń tán, kí ẹ gba ibẹ̀ nìkan. Ẹ bá wọn gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé àga oníke tí ó ní apá sí balùwẹ̀, kí wọ́n jókòó wẹ̀, kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ àga náà dáadáa kí ó má yọ̀. Bí wọ́n bá gbà, ẹ fọ ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ wọn. Ojú wọn, àyà wọn àti abẹ́ wọn, ẹ fún wọn ní kànrìnkàn kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, kí ẹ sì kọ ẹ̀yìn sí wọn. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ìrora olómi, bíi mọ́fíìnì, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá a lè fi ọ̀kan nínú àwọn àkókò rẹ̀ sí bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ṣáájú ìwẹ̀. Ta ni ó tilẹ̀ sọ pé aago méje ni a gbọ́dọ̀ wẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni ara ń fúyẹ́ jù, kí wọ́n wẹ̀ ní ọ̀sán.

Tí ó bá kan aṣọ wíwọ̀, apá tí ó wú ni kí ẹ kọ́kọ́ ti bọ apá bùbá, òun náà ni kí ó gbẹ̀yìn jáde nígbà tí ẹ bá ń bọ́ ọ. Bùbá tí ó là níwájú yóò rọrùn fún wọn ju èyí tí a ń ti orí wọ̀ lọ.

Baba Ìbejì (Ọ̀yọ́) fèsì pé:

Bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe ń ṣe yìí ni èmi náà ṣe. Jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin kan tí ó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ni ó mú bàbá mi. Nígbà tí a gbé wọn wá sí ilé mi ní Ọ̀yọ́, wọ́n ń fá irùngbọ̀n wọn fúnra wọn, wọ́n sì ń rìn dé ìdí igi máńgòrò tí ó wà níwájú ilé. Mo gba abẹ ìfárùngbọ̀n lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n má ṣe rìn mọ́, mo gbé oúnjẹ lọ bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò tó oṣù kan tí itan wọn fi rọ, tí wọn kò lè dìde láìsí ènìyàn méjì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi mí pé: “Ṣé o ti sin mí ni?” N kò rí èsì fọ̀.

Oníṣẹ́ Fisió (Ògbómọ̀ṣọ́) fèsì pé:

Baba Ìbejì, ẹ má dá gbogbo ẹ̀bi yẹn ru ara yín. Òótọ́ ni pé iṣan tí a kò lò máa ń rọ kíákíá, pàápàá lára àgbàlagbà, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ tí ó ti tàn ká fúnra rẹ̀ máa ń jẹ iṣan, bí aláìsàn tilẹ̀ ń jẹun. Ó sì ń fa àárẹ̀ kan tí oorun kì í mú lọ. Mo sọ èyí kí ẹ̀yin ọmọ má baà tún máa fipá lé aláìsàn dìde ní ọjọ́ tí kò lókun. Okun Màámi dà bí owó kékeré: bí wọ́n bá ná gbogbo rẹ̀ sí ìwẹ̀, kò ní kù tí wọn yóò fi jókòó gba àlejò. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ná an lé lórí.

Eegun ni ó ń dẹ́rù bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Eegun tí jẹjẹrẹ ti wọ̀ lè ṣẹ́ láìsí pé ènìyàn ṣubú. Ẹ má ṣe fi abíyá tàbí ọwọ́ fà wọ́n dìde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sún wá sí etí àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí wọ́n tó dìde, kí ẹ̀yin sì dúró tì wọ́n. Ẹ má ṣe gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fi òróró wọ́ ẹ̀yìn tàbí ìbàdí wọn, bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ náà tó. Bí wọ́n bá ń lo ọ̀pá, ọwọ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò dùn wọ́n ni kí ó wà, bí apá wíwú yẹn bá lè gbà á. Bí kò bá lè gbà á, kí oníṣẹ́ fisió, ìyẹn ẹni tí ń tọ́jú iṣan àti ìrìn, kọ́kọ́ wò wọ́n. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ń lóṣòó sí kò bá wọn mu mọ́. Káfíńtà lè gé ihò sí àárín àga líle kan, kí ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ìtòsí bẹ́ẹ̀dì ní alẹ́.

Bí ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n lọ́nà tí kò ṣe rí, tí ẹsẹ̀ sì ń rọ tàbí tí ó ń kú tipiri, tàbí tí wọn kò lè di ìtọ̀ mú mọ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ó lè jẹ́ pé àìsàn náà ti ń tẹ okùn iṣan tí ó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá, bí a bá sì pẹ́, ẹsẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀ka kan tún wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ìbàdàn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú amáratuni fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí dókítà yín kọ ìwé fún yín.

Ọmọ Màámi (Ògbómọ̀ṣọ́) fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ Baba Ìbejì sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ ra àga oníke náà. Àná ni Màámi kọ́kọ́ lò ó. Wọ́n gbà kí n fọ ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì lé mi jáde nígbà tí ó ku abẹ́. Lónìí, káfíńtà wá wọn àga kejì. Màámi ní ó ga jù, kí ó gé e kúrú, wọ́n sì ti orí ìjókòó ná an títí ó fi yọ ẹgbẹ̀rún méjì náírà kúrò nínú iye tí ó kọ́kọ́ pè.